Ìlà Tí Mo Gé Sí Wẹ́wẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì máàpù, tí mo ń pè ní Ọ̀gá Rúlà, gbé máàpù ìlú síwájú mi. Wọ́n fẹ́ na òpópónà Santo Tomás kó tọ́ gbọnrangandan dé afárá. Mo ní ó ti wọ́ láti ayé àwọn Sípáníìṣì, àwọn baba ńlá wa. Ó ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ nà án gan-an nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kòtò omi oko ni ọ̀nà yẹn ń tẹ̀ lé. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ kòtò náà kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá gé ilẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kí ti oníkálukú lè kan omi. Àwọn Amẹ́ríkà tó dé lẹ́yìn ló kó rúlà wá.

Òfin ò gbà kí wọ́n dí kòtò tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n lọ wò ó. Inú mọ́tò ni mo ti wò ó — ewé gbígbẹ, ike, kò sí omi. Mo gé ìlà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Lórí máàpù wa, kòtò tó ti kú ni wọ́n ń fa ìlà rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 7
Ara mi ò balẹ̀.

Àìkú, 9
Ẹ̀wà àti ata pupa nílé Màámi. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Eliseo, alábòójútó kòtò, wà níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Wọn ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.
“Kòtò náà ń sùn ni, Delfina. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe máa ń gbá a lọ́dọọdún kó lè jí?”
Ojú tì mí. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ò wo ilé, mo ti pe omi ní òkú. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí mi ò bá wọn gbá kòtò — láti ìgbà tí Bàbá mi ti kú.

Àbámẹ́ta, 15
Ọjọ́ gbígbá kòtò. Ilé kọ̀ọ̀kan, ṣọ́bìrì kan. Bàbá Eliseo ń fi ọ̀pá wọn ìpín, wọ́n ń pe orúkọ. Wọ́n pe “Benigno Archuleta.” Bàbá mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń pè é, àwọn aládùúgbò á sì pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. N ò mọ̀.
Mo ní, “Mo wà níbí, sà.”
Ofelia, aládùúgbò wa, ní, “Ìyá ọ́fíìsì, ṣọ́bìrì kì í ṣe pẹ́ńsù o.”
Ọwọ́ mi bó. Ní aago mẹ́rin wọ́n ṣí ẹnu omi. Omi ń ti ewé bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo so ìlà náà pọ̀. Ọ̀gá Rúlà bi mí pé ta ló sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó sí i. Ó pòṣé, ó pa ọ̀nà tó tọ́ rẹ́.

Ìrọ̀lẹ́, Bàbá Eliseo pè mí. Wọ́n ti yọ orúkọ Benigno kúrò nínú ìwé kòtò. Delfina ni wọ́n kọ síbẹ̀.