Ẹṣin Pupa Tó Parí Ogun

Bertrams,
Johannesburg.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ, ọdún 2010.

Ọmọ́báyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà ṣòkòtò péńpé,

Mo kí ọ, mo kí Fasilat ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Iléṣà. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀, kí orúnkún tó ń dùn ọ́ sì ti gbọ́ oògùn. Ní tiwa níbí, ara le, àfi òtútù tó ń bá wa fínra. Kì í ṣe irú ọyẹ́ tí èmi àti ìwọ mọ̀. Èyí máa ń wọ inú bàtà wá bá ènìyàn. Bọ́ọ̀lù àgbáyé ti parí, pápá bọ́ọ̀lù Ellis Park tó wà nítòsí ilé wa ti dákẹ́, a sì ti padà ń gbọ́ ohùn ara wa.

Mo fẹ́ fọ́nnu lónìí. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà ní mi ò kìlọ̀. Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná, parí iṣẹ́ rẹ, kí o wá jókòó tì í, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

O rántí àwọn àwòrán ogun mi, àwọn tí o máa ń pè ní bébà tó yẹ kí ìyá ẹlẹ́pà fi wé ẹ̀pà. Jẹ́ kí n tún ṣàlàyé wọn fún ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá yóò wọ̀ ọ́ létí lọ́tẹ̀ yìí. Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán kò tíì lè tẹ̀lé ọmọ ogun lọ sójú ìjà, àwọn oníṣẹ́ ọnà London a máa fín àwòrán ogun sára pátákó igi líle, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá. Wọ́n á fi yíǹkì sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn á jókòó ti búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olómi, á máa kùn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí àwòrán méjì bá ti ara pátákó kan náà wá, ìlà wọn kò lè yàtọ̀, àmọ́ àwọ̀ wọn dọwọ́ ẹni tó kùn wọ́n. Fi ìyẹn sọ́kàn, a máa tó dé ibẹ̀.

Èyí tí mò ń kó jọ jẹ́ mẹ́fà, gbogbo wọn lórí ogun Isandlwana, níbi tí àwọn Súlú ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1879. O mọ̀ pé Súlú ni Nomusa ìyàwó mi, baba baba-baba rẹ̀ sì gbé ọ̀kọ̀ lọ́jọ́ náà. Ago tíì kan tí mo rà fún un ní ọjà àlòkù ni wọ́n fi àkọ́kọ́ nínú àwọn àwòrán náà wé fún mi. Ó ṣe mí bíi pé mo jí ọba gbé. Bí o bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́pà rẹ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́, máa rẹ́rìn-ín lọ.

Márùn-ún ni mo rí, tí mo gbé kọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀kẹfà ni kò yọjú. Òun sì ni òpin ìjà náà: àwọn Súlú dúró lórí òkè, ọwọ́ wọn lókè, ẹṣin kan tí ẹni tó gùn ún ti já bọ́ sì ń sáré lọ sí odò ní àárín gbùngbùn àwòrán. Láìsí i, fún ọdún mẹ́fà gbáko, ogun ń jà ní pálọ̀ mi, ẹnì kankan ò borí. Àlejò á wo ògiri títí, á bi mí pé ta ló wá jàre. Ojú a sì máa tì mí, bíi pé èmi ni mo pín ogun náà lábọ̀.

Ní oṣù Keje, Màmá Swanepoel pè mí. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, òyìnbó Búrì ti ilẹ̀ yìí, tó máa ń pàtẹ àwòrán àtijọ́ ní Auckland Park ní gbogbo Sátidé. Ó ní òun ti rí ẹ̀kẹfà mi. Mo sáré lọ sílé rẹ̀ lọ wò ó. Báyọ̀, ọwọ́ ẹni tó kùn ún dára. Ara ẹṣin náà pupa dídán bíi bàtà aláwọ búráùn tuntun, o fẹ́ẹ̀ lè rí òógùn lára rẹ̀. Màmá ní òun ṣì fẹ́ nu ìdọ̀tí ara bébà náà, kí n wá mú un ní Sátidé, nítorí ọjọ́ náà ni òun máa pàtẹ kẹ́yìn. Ó ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Cape Town.

Sátidé dé, iṣẹ́ sì dé. Yàrá òtútù alápatà kan ní Roodepoort dákẹ́ láàárọ̀, ẹran odindi màlúù mélòó kan sì wà nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń tún fíríìjì ṣe, ṣé mo lè ní kí ẹran dúró dè mí? Nomusa wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Adéṣẹwà ọmọ wa nìkan ló wà nílé, òun náà sì ti dàgbà tó ẹni tí ń wọ taxi fúnra rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù láti inú yàrá òtútù yẹn, pé kí ó bá mi lọ gba àwòrán lọ́wọ́ Màmá Swanepoel. Fóònù ń já, mo ń pariwo ní Yorùbá bí mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀: "Èyí tí ẹṣin rẹ̀ pupa ni kí o mú. Má gba òmíràn o." Ó ní, "Shap, Dádì," bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń sọ pé ó dáa, fóònù sì já pátápátá.

Jẹ́ kí n dúró níbí, kí n rán ọ létí Kérésìmesì ọdún 2008. A wá kí ọ. O kí ọmọ mi, ó dúró gbangba lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "I'm fine, sir." O yíjú sí mi níwájú rẹ̀, o ní: "Lérè, ọmọ yìí ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Yorùbá tí ò ń sọ sí i, etí rẹ̀ lásán ló ń bà, kò dé inú." Mo rẹ́rìn-ín, mo mu omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. O kò mọ̀ pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọlu àwọn àjèjì ní ìlú yìí, tí gbogbo wa ń rẹ ohùn sílẹ̀ nínú taxi kí wọ́n má baà mọ ibi tí a ti wá. Ọdún náà ni ẹnu ọmọ náà yí sí Gẹ̀ẹ́sì, tí kò yí padà mọ́. Èmi ń sọ Yorùbá sí i, òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá o jàre.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà, mo fọwọ́, mo tú àwòrán. Ẹṣin inú rẹ̀ pupa bíi tàtàṣé. Báyọ̀, Ọlọ́run kò dá irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sáyé. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kùn ún ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀wù pupa àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni, oorun wá gbé e, ó sì bá a dé ara ẹṣin. Mo ní, "Adéṣẹwà, ẹṣin wo nìyí?" Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Dádì, you said pupa. Pupa is red."

Mo rò pé Màmá Swanepoel ti tan ọmọdé jẹ ni. Mo pè é tìbínú-tìbínú. Òun náà ló wá ròyìn fún mi. Ó ní òun ti wé ẹṣin aláwọ̀ bàtà yẹn, òun ti kọ orúkọ mi sí i lára. Ọmọ náà ní kí òun tú u, ó wò ó, ó ní èyí kọ́. Òun sọ fún un pé èyí tí bàbá rẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí nìyí. Ọmọ náà ní rárá, pupa ni bàbá òun wí. Ó sọ ọ́ sókè láàárín ọjà, "pupa", títí ó fi kọ́ màmá náà bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìgbà náà ni màmá rántí pé ẹ̀dà kan wà nísàlẹ̀ àpótí, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà bà jẹ́, tí òun kò tilẹ̀ fẹ́ pàtẹ. Ó fà á yọ. Ọmọ náà fọwọ́ sórí ẹṣin, ó ní, "Pupa nìyí." Màmá ní kí n má ṣèyọnu, ẹṣin rere náà ṣì wà lọ́wọ́ òun títí di Mọ́ńdè, kí n wá fi ti ọwọ́ mi pààrọ̀ rẹ̀.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún lọ wo ẹṣin náà. Ìwọ olùkọ́ Yorùbá, bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Lẹ́nu tiwa, epo pupa, ilẹ̀ pupa, ajá ilé pupa, èmi náà pupa, ẹni tí ẹ pè ní Lérè Pupa títí a fi jáde níléèwé, tí mi ò sì jọ tàtàṣé rí. Ta ló sọ fún ọmọ tí wọ́n bí sí Johannesburg pé gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ́ orúkọ kan? Pupa kan ṣoṣo ló mọ̀. Òun náà ló dì mú, ló gbé gba inú ìlú kọjá, ló fi bá àgbàlagbà òyìnbó jiyàn, tó sì fi kọ àwòrán tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó dé inú, Báyọ̀. Ó tilẹ̀ dé inú jù.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé àwòrán náà padà, ó ní òun á lọ pààrọ̀ rẹ̀. Nomusa wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ó wo ẹṣin náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹṣin tó bá ń sá fún àwọn baba òun, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná bẹ́ẹ̀. Mo gba àwòrán náà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo wá òòlù, mo gbé e kọ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo ní kí Màmá Swanepoel ta èkejì. Ó ní àwọn tó ń kó àwòrán jọ á fi mí ṣẹ̀sín. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, àga pọ̀ nílé.

Báyìí, ogun ti parí ní pálọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará ìjọ wa wá kí wa, Bàbá Ọdúnayọ̀ bèèrè pé kí ló ṣe ẹṣin yẹn. Kí n tó lanu, Adéṣẹwà ti dìde. Ó ní, "Ẹṣin yẹn pupa, torí pé dádì mi wí pupa." Ó ń bá a lọ ní Yorùbá, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, títí ó fi sọ ọ́ tán. Àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀, ìwọ ìbá ti fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ ya. Èmi ń wo ògiri kí wọ́n má baà rí ojú mi. Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí n sinmi. A dúró lánàá ní robot, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, ó bi mí bóyá iná àárín náà pupa. Mo ní ọmọ Yorùbá dáadáa á dúró fún méjèèjì.

Mi ò bá ọ jà, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà dùn mí, mo fẹ́ kí o mọ̀, kí o sì mọ̀ pé ó ti tán. Inú mi dùn sí ọmọ mi ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó gbé e. Kí Ó bá wa dá àwọn ọmọ tìrẹ náà sí, kí wọ́n fi iyì bò ọ́ mọ́lẹ̀. Kí Ó fún Fasilat ní àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ rẹ sì mókun, kí o lè wá wo ògiri mi fúnra rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Ọlálérè (Lérè Pupa yín).

Àfikún: Adéṣẹwà ní òun fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ọ. Mo bá a fi àmì ohùn sórí rẹ̀, àmọ́ mi ò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe:

Ẹ kú ilé, Ańkù Báyọ̀. Èmi ni mo ra ẹṣin pupa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo bírò pupa fún lẹ́tà mi. Mo ń kúnlẹ̀ bí mo ṣe ń kọ eléyìí.