Oògùn Ọlọ́mọrí Aláwọ̀ Ewé Gba Ẹ̀wà Wa Sílẹ̀

Ọmọ mi, ọkọ mi, ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́sẹ̀ rẹ kọ ní títì. Orúnkún mi ń dùn mí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ayọ̀ ti jẹ́ kó gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ obìnrin tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Ta ló lè rọra?

Kòkòrò tó lu èèpo ẹ̀wà wa wọnú lọ́dún tó kọjá, tá ò rí irúgbìn fi pamọ́, ó tún dé o! Mo ní tó bá jẹ tọdún yìí, ó di pé mi ò gbin ẹ̀wà mọ́. Ni ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bá gbé oògùn mẹ́ta wá, ọlọ́mọrí pupa, ọlọ́mọrí funfun, ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé. Ó ní oko mi lòun máa fi wo èyí tó mú jù, òun ni wọ́n á kó wá fún gbogbo wa. Ó pín oko sí mẹ́rin, ó fín mẹ́ta, oògùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìkẹrin sílẹ̀. Ló bá ń fi fóònù ya kòkòrò ní fọ́tò. Mo ti ró ìró mi tó dáa jù, mo dúró síbẹ̀, kò yà mí! Kòkòrò tí ò bá wa kọ ebè!

Bó ṣe fi àwọn ìgò àti páǹpù tó fi fín in sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tó lọ báyìí, àánú ìkẹrin yẹn ń ṣe mí. Abiyamọ wo ló máa bọ́ ọmọ mẹ́ta, kó ní kí ìkẹrin máa wò wọ́n lẹ́nu? Mo ní ọ̀gá rò pé èyí tó kù nísàlẹ̀ ìgò ò lè tó ni. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú bó ṣe kọ́ wa, mo bu ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé sí páǹpù, mo fín in dáadáa.

Ọ̀gá padà dé, ó ń ya èèpo wò. Kòkòrò lu ti pupa díẹ̀, ó lu ti funfun jù bẹ́ẹ̀. Ti aláwọ̀ ewé mọ́ tónítóní, ìkẹrin náà mọ́ tónítóní! Ojú ẹ̀ bá fà ro. Ó ní Màmá, tíbi tá ò fín bá mọ́ báyìí, báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé oògùn ló ṣiṣẹ́? Pé òun ò lè ní kí wọ́n kó ìkankan wá mọ́. Mo ní ta ni ò fín in? Èmi ti bá ọ fín in, má wulẹ̀ dúpẹ́.

Ọ̀gá káwọ́ lérí. Ó ní èyí tá ò fín gan-an lòun fẹ́ fi wé àwọn tó kù. Mo ní ìyẹn náà ló ń bà ẹ́ nínú jẹ́? Mo fà á lọ́wọ́, ó doko ìyàwó káfíńtà témi àti ẹ̀ jọ pààlà. Irúgbìn kan náà la gbìn, ọjọ́ kan náà, kò sì fín nǹkan kan. Èèpo ẹ̀ ń jò bí ajere! Inú ọ̀gá dùn, ó ń ya fọ́tò, ìyàwó káfíńtà ń bú wa pé ṣé àdánù òun la wá ń pa lẹ́rìn-ín.

Aláwọ̀ ewé ló borí o! Wọ́n ń kó o bọ̀ fún gbogbo wa, oko ìyàwó káfíńtà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fín, torí ẹ̀wà ẹ̀ ṣì ń yọ òdòdó. Ọ̀gá ní ká má tíì já tèmi jẹ títí agbára oògùn á fi lọ.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra páǹpù tèmi. Ọ̀gá ti gbé tiẹ̀ lọ, ó ní òun ò ní fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́ láé, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń jẹni látinú ò ní wọlé rẹ. Ohun tó o bá gbìn, ìwọ lo máa jẹ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ ni.