Ilẹ̀kùn Ilé Míṣọ́n

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Ìpàdé tí a pè láti dáwó fún àtúnṣe ilé míṣọ́n àtijọ́ forí ṣánpọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì kún láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí àlùfáà ṣe ní kí a dúró torí ilé náà, kálukú rántí ọbẹ̀ tó gbé kaná. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìdí-Ìrókò, tí wọ́n ṣèlérí páànù, kò tiẹ̀ gbé fóònù mọ́.

Òjò àná tún la ògiri iwájú sí i. Apá mi wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́sàn-án, mo bá Bàbá Ṣówándé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Nínú ìgbìmọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń pariwo ilé yìí tó wọn.

"Tíṣà, má bínú," ni wọ́n wí. "Bàbá mi ló kan ilẹ̀kùn yìí. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí ògiri tó wó lù ú."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá?"

"Ọmọ mi, mo ti dàgbà ju ẹni tó ń tan ara rẹ̀ lọ."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ pé ilé tí kò nílẹ̀kùn mọ́, ewúrẹ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè nínú yàrá tí mo ti kọ́ A, B, D, mo rí ojú ọ̀run gbalaja.

Ilẹ̀kùn náà wúwo jù wọ́n lọ. Mo bá wọn gbé e.

Mi ò mọ ohun tí màá wí fún àlùfáà. Bóyá kí n...

Àárín ìlú la gbé ilẹ̀kùn náà gbà kọjá. Àwọn èèyàn ń kí wa kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ibo la ti yọ ọ́.