Fèrè Tírélà Tí Kò Rẹlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kọkànlá, 1988
Mo fọwọ́ bo ojú òsì láàárọ̀. Ojú ọ̀tún ò rí kàlẹ́ńdà ara ògiri mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni — ta ló fẹ́ tísà fisíìsì tí kò ríran? Olúyẹmí ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, Sátidé ló ń wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 8
Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ohun míì láti kọ.

Ọjọ́bọ̀, 10
Zulaikha ti kíláàsì kẹrin bèèrè ìdí tí fèrè ọkọ̀ fi ń han goro tó bá ń bọ̀, tó sì ń rẹlẹ̀ tó bá ti kọjá. Mo ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń lé ìró ara rẹ̀ bá, ìgbì ìró á fún pọ̀, ohùn á ga. Tó bá ń lọ, ìgbì á jìnnà síra, ohùn á wálẹ̀. Èyí tó máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kọjá, ohùn rẹ̀ á ti máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dé. "Tó bá wá jẹ́ èèyàn gan-an ló dojú kọ ńkọ́, Tísà?" Mo ní kò ní rẹlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 14
Ojú òsì náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀; etí ni mo fi ń sọdá títì báyìí. Mo ń dúró kí ohùn rẹlẹ̀, kí n tó gbẹ́sẹ̀. Lónìí, kẹ̀kẹ́ — kẹ̀kẹ́ tí kì í dún — fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. Ọkùnrin tó gùn ún ní, "Ìyá, ṣé ẹ fọ́jú ni?"

Ọjọ́bọ̀, 17
Èmi àti Ràmọ́tà, tísà Lárúbáwá, dúró létí títì lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. Tírélà ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin, ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ràmọ́tà ní, "Jẹ́ ó kọjá." Mo ń retí kó rẹlẹ̀. Kò rẹlẹ̀. Goro kan náà. Mo gbá Ràmọ́tà mú níbi ìborùn, a ṣubú sínú gọ́tà. Tírélà gun ibi tá a dúró sí, ó wó igi kaṣú. Bíréèkì rẹ̀ ló kọ̀. Dẹ́rẹ́bà yè é.
Ràmọ́tà ní, "O ò tiẹ̀ wò ó. Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó wo ojú mi pẹ́. "Comfort, ojú ẹ ò dáa mọ́, àbí?"
Mo sunkún nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Àbámẹ́ta, 19
Mo sọ fún Olúyẹmí. Ó gbé oúnjẹ tì. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo ní ọdún kan àtààbọ̀. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìṣẹ́gun, 22
Ọsibítù. Olúyẹmí ò padà sí Ọ̀yọ́, òun ló mú mi lọ. Ojú ọ̀tún ti lọ. Dókítà ní oògùn lè dá ti òsì dúró, ó ní ká ní mo tètè wá ni. Olúyẹmí ò bi mí ìdí tí mo fi pa á mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi délé.