Ẹ Má Tíì Sùn, Bàbá Làsísì

Bàbá Làsísì, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ wà lábẹ́ abọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn.

Láàárọ̀ yìí, Kùdírátù rí sálúbàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló ni èyí?" Làsísì ní, "Ti bàbá ẹ ni." Ó ní, "Bàbá tó máa ń sùn yẹn?" Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá yín náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìyàwó, o mọ ilé tọ́jú o. Àfi pé o ti fi ọmọ pamọ́ fún bàbá ẹ̀."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Kí ariwo má baà jí yín ni mo ṣe ń kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé nígbàkigbà tí ẹ bá ti Ìkẹjà dé.

Mò ń mú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ni n ó ti gba ọjà Agége lọ. Mi ò wẹ Kùdírátù. Ẹ̀yin ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà lẹ́bàá ààrò. Ẹ má jẹ́ kí ọṣẹ kó sí i lójú. Bó bá ké, ẹ má pe Màmá. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dáhùn.

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Bí ẹ bá máa bínú, ẹ dúró dìgbà tí mo bá dé. Kó ṣáà ti pè yín ní Bàbá kí n tó wọlé.