Oògùn Ọ̀rá Tí Àgbò Iléyá Gbé Mì

Ilé Bàbá Fádèyí,
Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Akanran, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, 1995.

Módínà, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìlọrin ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Bàbá rẹ náà ńkọ́? Mahfuz kékeré ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú yẹ̀pẹ̀ jíjẹ, àbí ó ti jẹ ilé onílé yín dé fèrèsé? A kú ọjọ́ mẹ́ta, a sì kú ọdún Iléyá tó kọjá. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Iṣẹ́ aránṣọ mi ń lọ. Ọ̀gá mi ti gbà kí n máa fi bọ́tìnnì sí aṣọ, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí mo rán àpò ṣòkòtò oníbàárà pa. Má wo gègé mi o. O mọ̀ pé JS Tú ni èmi àti ìwé ti dágbére fún ara wa.

Ọ̀rọ̀ Bàbá àgbà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Jókòó kó o tó kà á.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n lọ sí kíníìkì ibi iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti wa ọkọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Dókítà Olúmúyìwá gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. O mọ Bàbá àgbà. Bí wọ́n bá dúró ti igi tí a fi ń ká ọsàn, igi yẹn lèèyàn máa pè ní alára. Wọ́n ká bùbá sókè, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ bá mi wá a. Ibo ni ọ̀rá náà sá sí?" Dókítà ò gbójú sókè, ìwé ló ń kọ. Ó ní kí wọ́n máa gbé hóró oògùn kan mì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n sì yé jẹ ọ̀rá ẹran. Bàbá ní àwọn fẹ́ béèrè nǹkan kan. Dókítà fi imú dáhùn pé, "Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n. Ó dáa, Bàbá. Ẹni tó kàn!"

Irú imú yẹn, Módínà, oúnjẹ ni lẹ́nu mi. Èmi ni mo sin Bàbá lọ, kí a sì tó délé, mo ti ń sín ohùn náà jẹ délẹ̀délẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. O rántí Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá àgbà, tó ṣubú sínú oko kòkó lésìí, tí apá ọ̀tún wọn ò gbéra mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìyá mi ní ohun tí oògùn náà wà fún nìyẹn, pé tí Bàbá ò bá lò ó, a tún máa lọ gbé ẹlòmíì wálé láti oko.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá méjì wá kí wọn: Bàbá Wándé tó ṣe akọ̀wé níbi iṣẹ́ kan náà, àti Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àṣé irú oògùn kan náà làwọn méjèèjì ń lò! Dókítà wọn ló yàtọ̀ síra. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ní òun ń gbé e mì bí ẹni mumi ni, àti pé dókítà tòun ní Ẹ̀gbẹ́dá máa ń béèrè àwọn ewúrẹ́ òun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Wándé ní, "Oríire yín. Itan tèmi ń ro mí bíi pé wọ́n fi wọ́n gúnyán mọ́jú. Mo sọ fún dókítà tèmi, ó ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí! Ṣé itan nìkan ni wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi ni? Kí ló dé tí apá ò dàgbà?"

"Ẹ pààrọ̀ dókítà."

"Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, dókítà ni mo pè é, mi ò pè é ní bàtà."

Bí wọ́n ṣe ń ròyìn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ń sín wọn jẹ, tí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá fi ń fi gèlè nu ojú. Bàbá àgbà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Itan ara wọn ni wọ́n ń wò.

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù kan kí Iléyá tó dé. A ti ra àgbò wálé láti Ṣáṣá, èmi ni mo sì ń fún un lóúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí hóró oògùn nínú iṣu sísè tí àgbò tu dànù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ lúgọ sẹ́yìn ilé àgbò. Bàbá àgbà yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé, wọ́n ki hóró bọ inú iṣu, wọ́n sì ń bá àgbò sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Gbé e mì. Jẹ́ kí ọ̀rá ara rẹ yọ́ tán kí ọdún tó dé. Tí o ò bá ti lọ́rá, mo lè jẹ ọ́ tẹ́rùn, dókítà ò sì ní rí ẹ̀sùn kà sí mi lọ́rùn."

Módínà, mo ki aṣọ bọ ẹnu. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó ti jáde.

"Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n. Bàbá! Ta lẹ ń fún ní oògùn mi?"

Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Àgbò nìkan ló wà níwájú wọn, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ó sì tẹjú mọ́ wọn. Ni Bàbá bá ṣí fìlà fún un. "Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ẹ má bínú."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́. Mo tún fi imú béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ò lò ó?"

Bàbá lóṣòó síwájú àgbò. Wọ́n ní, "Itan mi ni mo ń bẹ̀rù. Itan Bàbá Wándé ti ń bàjẹ́. Tí tèmi náà bá bàjẹ́, báwo ni mo ṣe máa forí kanlẹ̀ lórí ìrun? Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jókòó wa mọ́tò. Mi ò fẹ́ jókòó kírun. Mo fẹ́ bi yín lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ ti pe ẹni tó kàn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo fẹ́ jáde, ojú ń tì mí. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni pé, "Ẹ wá sọ ọ́ fún mi ní kíníìkì lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Mo ti sọ ọ́ tán, Dókítà."

Àgbò ké. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì wọlé lọ.

Nígbà tí Mọ́ńdè dé, mo bá wọn lọ. Dókítà ń kọ̀wé, ó ní kí ni wọ́n bá wá. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn náà ni."

"Ọjọ́ wo?"

"Nílé àgbò."

Bírò dúró. "Bàbá, mi ò dé ilé yín rí."

"Ẹ dé. Ẹ tiẹ̀ bínú."

Dókítà wo nọ́ọ̀sì, ó fa ìwé mìíràn yọ, ó ní kí nọ́ọ̀sì lọ bóun wá orúkọ dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Mo kúnlẹ̀ gbì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò gbà á gbọ́. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí? Ohùn tèmi?"

Mo lanu. "Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n. Ó dáa, Bàbá. Ẹni tó kàn!"

Ọkùnrin tó jókòó níta dìde, ó wọlé, ó sì jókòó.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá wò mí títí. "Mùjí, ìwọ ni mo ṣí fìlà fún?"

"Rárá, Bàbá. Àgbò ni."

Dókítà béèrè pé ṣé bí òun ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló dáhùn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

Módínà, dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà lọ dúró díẹ̀, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Bàbá, ó sì bi wọ́n nípa itan. Ó ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í wo pé èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní lóòótọ́ ni oògùn náà máa ń dun àwọn kan nítan, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀, àti pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí Bàbá wá lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn á dín in kù tàbí kí àwọn yí i padà. Ó ní kí wọ́n mú Bàbá Wándé náà wá. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí àgbò ti jẹ. Bàbá ní mẹ́tàlá.

"Ṣé itan ń dùn ún?"

"Ó ń tàpá dáadáa, Dókítà."

Ó ka ọjọ́ tó kù kí ọdún tó dé, ó ní oògùn náà yóò ti kúrò lára àgbò, kí a má ṣáà fún un mọ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ni pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo gbọ́dọ̀ wá fi imú béèrè pé, "Itan ńkọ́, Bàbá?" kí wọ́n tó ju hóró sẹ́nu.

Iléyá dé. Wọ́n la àgbò. Ọ̀rá tú síta bí òwú tí àpò rẹ̀ ya! Kò sí àgbò tó lọ́rá tó o ní gbogbo Ìdí-Ọsàn. Ìyá mi káwọ́ lérí. Bàbá Wándé ní, "Fádèyí, ṣé oògùn ọ̀hún nìyẹn? Oògùn tó ń bọ́ àgbò sanra?"

Bàbá wọ yàrá lọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ da oògùn nù ni. Páálí rẹ̀ ni wọ́n mú jáde, wọ́n nà án sí mi.

"Mùjí, ka orúkọ tó wà níbẹ̀."

"S. Fádèyí."

"Ṣé wọ́n kọ àgbò síbẹ̀?"

"Wọn ò kọ ọ́, Bàbá."

"Ẹ ò rí i? Oògùn olóògùn ni mo fún un." Wọ́n ní kí a gé ọ̀rá kúrò, kí a kó o fún àwọn tó ń se ọṣẹ.

Wọ́n ti yí oògùn Bàbá Wándé padà, bàbá náà ti ń gun kẹ̀kẹ́. Mọ́ńdè tó kọjá, a lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀ Bàbá. Ọ̀rá ti wálẹ̀! Dókítà fa àga sún mọ́ wọn, ó wo ojú wọn, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n. Itan ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá tẹ̀ sí mi létí. "Mùjí, dókítà yìí ti ń sín ẹ jẹ o."

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì fa Mahfuz létí fún mi.

Èmi tí mo ní ohùn mẹ́rin ṣùgbọ́n tí mo ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo,

Mùjíbátù.