Má Tíì Da Oògùn Rẹ Nù

Yàrá Òkè,
Ilé Alágbàfọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé-ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi tí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn bí fún mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti mọ̀ báyìí pé o máa ń hanrun? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn? Ara tèmi le, ara ọkọ mi le, àmọ́ ohùn ọmọ ló le jù nínú ilé wa. Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ títí mo fi dé ìsàlẹ̀, níbi tí o ti kọ ọ́ pé ọjọ́ tí o bá rí i pé o lóyún ni wàá da gbogbo oògùn wárápá rẹ sí ṣáláńgá, torí o gbọ́ pé ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Jókòó, kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ohun tí o gbọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Oògùn wárápá kan wà tó léwu fún ọmọ inú lóòótọ́, òun gan-an lèmi ń lò nígbà tí a jọ ń jókòó de nọ́ńbà wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ dókítà lọ kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ní mo fẹ́ bímọ. Ó ní ó dára tí mo tètè wá. Díẹ̀díẹ̀ ló fi mú mi kúrò lórí ti àtijọ́ bọ́ sórí òmíràn tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa lára àwọn aláboyún, ó sì fi fólíìkì, oògùn tó ń ṣe ọmọ inú lóore, kún un. Ìgbà tó ní ó yá ni mo tó lóyún. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń gbàṣẹ kí wọ́n tó bímọ.

Ibi tí mi ò fojú sí ni wàhálà gbà dé. Ìyá Má-fi-ṣòfò là ń pe ìyá ọkọ mi. Bí ọṣẹ méjì bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Bí iyọ̀ bá kù nínú ike méjì, wọ́n á dà á pọ̀. Nígbà tí wọ́n wá tọ́jú mi nínú oyún, wọ́n tún pẹpẹ yàrá wa ṣe, wọ́n rí ìgò oògùn méjì tí ò kún. Ọ̀kan ni tuntun, èkejì ni ti àtijọ́ tí mo fẹ́ dá padà fún ilé ìwòsàn. Funfun ni méjèèjì. Ìyá dà wọ́n pọ̀, wọ́n fọ ìgò kejì, wọ́n kó abẹ́rẹ́ ìránṣọ wọn sí i.

Ilẹ̀ mọ́, mo da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, mo rí i pé àwọn kan ní ilà láàrin, àwọn kan ò ní. Mo bi ìyá, wọ́n ní, "Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo dà wọ́n pọ̀. Ṣebí oògùn kan náà ni?" Mo sì ti gbé ọ̀kan mì lálẹ́ àná, mi ò mọ èwo. Mo bú sẹ́kún. Mo da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá, bí ìwọ náà ṣe ń gbèrò, mo búra pé oògùn ò ní kàn mí lẹ́nu mọ́ títí n ó fi bí.

Bó o ṣe mọ̀, Rédíò ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, torí ẹnu mi kì í sinmi tí mo bá ń lọ aṣọ. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé wọ́n fi ẹnu mi ṣe aago. Bí wárápá bá fẹ́ gbé mi, ohùn mi ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Bí mo bá ti dákẹ́ láàrin ọ̀rọ̀, ẹni tó wà lọ́tùn-ún á gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ẹni tó wà lósì á gbá mi mú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é gbẹ̀yìn, torí oògùn tuntun ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí mo da oògùn nù, mo ń rojọ́ ọkọ mi fún wọn lọ́wọ́, mo ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Kọ́là yẹn ni mo rántí mọ. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń po sítáàṣì ló pariwo pé, "Rédíò ti kú o!" Wọ́n gbá mi mú kí ikùn mi tó gbá etí tábìlì. Ikùn mi, àbúrò mi! Ọmọ tí mo ní mo ń dáàbò bò ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lu igi.

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní òun ò lè búra nípa ọmọ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni tí ò lo oògùn rí. Àmọ́ oògùn ẹyọ kan tí èèyàn ṣì lò kì í ṣe ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní bí wárápá bá gbé aláboyún ṣánlẹ̀, ó lè pa á tọmọtọmọ, pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun ni kí n sáré bá, kì í ṣe ṣáláńgá. Ó tún fún mi ní irú oògùn tuntun yẹn lójú ẹsẹ̀, ó yẹ ọmọ wò. Ọkàn ọmọ ń lù kìkìkì. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n sáré tẹ̀lé wa gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún. Láti ọjọ́ náà, àwọn ni ọlọ́pàá oògùn mi. Wọn ò da nǹkan kan pọ̀ mọ́, títí kan ọṣẹ.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi. Má dá oògùn rẹ dúró fúnra rẹ, má sì dúró de oyún. Mú ọkọ rẹ dání, ẹ lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó wo èyí tí ò ń lò. Ó lè yí i padà, ó lè ní kó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bá mi kí ìyá rẹ àti orúnkún wọn. Ìyá Má-fi-ṣòfò ní kí n kí ẹ, wọ́n ní kó o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ tún pẹpẹ oògùn rẹ ṣe.

Lánàá ni mo gbé ọmọ lọ fi han àwọn ará ibi iṣẹ́ mi. Ọmọbìnrin ni, ó pé, ó gún, ó sì jogún ẹnu mi. Mo tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, mo dúró ti áyọ́ọ̀nù mi. Ó ké, ó ké, ó ké, ló bá dákẹ́ lójijì. Ọkùnrin onísítáàṣì ti ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ti gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi kó tó rántí pé èmi ṣì ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa sáré lọ wo apẹ̀rẹ̀. Ó kàn sùn lọ ni.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í dákẹ́,
Rédíò.